Àwo Mulatu of Ethiopia: ṣé ti 1972 ni àbí ti 2017?

Àbúrò mi kan ló fi orin kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ nǹkan yìí o, bàbá ará Etiópíà kan ló gbé e jáde ní 2017, àmọ́ ó ń dún bí orin ayé ìgbà tí wọn ò tíì bí mi." Mo tẹ̀ ẹ́, kò tíì dún jìnnà tí mo fi dá a mọ̀. Mulatu of Ethiopia ni, àwo tí Mulatu Astatke, olórin jáàsì ará Etiópíà, gbé jáde ní New York lọ́dún 1972. Àbúrò mi ò purọ́ sha, 2017 ló rí lójú fóònù ẹ̀. Ọdún yẹn ni ilé-iṣẹ́ Strut tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tún àwo náà tẹ̀, àwọn áàpù tí a fi ń gbọ́ orin sì sábà máa ń gbé ọdún àtúntẹ̀ síta, wọn kì í sọ fún èèyàn pé orin yìí ti pé ọdún 45 kí wọ́n tó tún un tẹ̀.

Mo pè é láti ṣàlàyé. Ohun tí mo rò pé ó máa gba ìṣẹ́jú márùn-ún gbà wá ní wákàtí kan gbáko, torí ìbéèrè kan ń bí òmíràn: kí ni wọ́n ń pè ní vibraphone tí Mulatu ń lù, kí ni fusion, kí ló dé tí orin kan náà fi wà ní mónò tó tún wà ní sítẹ́ríò, àti pé ṣé wọn ò kàn fi ohun àtijọ́ gba owó lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kejì ni? Ìbéèrè tó dáa ni gbogbo wọn. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ràn orin ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dà lójú rú, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohun èlò yẹn bẹ̀rẹ̀. Vibraphone dà bíi tábìlì gígùn kan tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ sí lórí, 37 ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń to bọ́tìnnì dùùrù, àwọn tó gùn tóhùn wọn wúwo wà lápá òsì, àwọn kéékèèké tóhùn wọn ga wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó ń lù ú á mú igi méjì tàbí mẹ́rin dání, wọ́n ti fi òwú wé orí igi náà kó má baà dún gan-an-ran gan-an-ran. Lábẹ́ irin kọ̀ọ̀kan, páìpù kan wà tó ń gba ohùn náà tó sì ń jẹ́ kó kún.

Nǹkan méjì ló wá yà á sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́, ṣé ẹ rántí agogo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rímù ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò? Tí ọmọ tí iṣẹ́ agogo wà lọ́wọ́ ẹ̀ bá fi irin gbá a, ohùn ẹ̀ á máa lọ gbọọọọn, kò ní tètè dákẹ́, àfi tó bá gbé ọwọ́ lé e. Bí irin vibraphone ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń lù ú ò lè máa gbọ́wọ́ lé irin mẹ́tàdínlógójì, torí náà wọ́n ṣe pẹ́dà sábẹ́ ẹ̀, tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ohùn á máa lọ, tó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò ohùn á kú. Ìkejì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ rántí bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń gbẹ́nu síwájú fáànù tí wọ́n á máa ké "aaaaa", tóhùn wọn á máa gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀? Ó fara jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú vibraphone. Lẹ́nu páìpù kọ̀ọ̀kan, ìdérí róbótó kan wà níbẹ̀, mọ́tò kékeré kan ló ń yí gbogbo wọn pa pọ̀, wọ́n á máa dí ẹnu páìpù, wọ́n á máa ṣí i, ohùn náà á máa wọlé á máa jáde bí ẹni tó ń mí. Ẹni tó ń lù ú lè pa mọ́tò yẹn, ó lè jẹ́ kó yára, ó lè jẹ́ kó rọra, ibẹ̀ lẹ ti ń mọ ọwọ́ oníkálukú.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Lionel Hampton wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e wọ inú jáàsì, lọ́dún 1930. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tí àwọn kan bá gbọ́ pé ọmọ Áfíríkà ń lu vibraphone, wọ́n á ní ó lọ yá ohun òyìnbó lò ni. Àmọ́ kí òyìnbó tó ṣe é ni wọ́n ti ń lu balafon ní Mali àti Guinea, igi tí wọ́n gé ní gígùn àti ní kúkúrú tí wọ́n to lé orí akèrègbè, ọ̀nà kan náà ni, igi lèyí, irin nìyẹn. Mulatu fúnra ẹ̀ ò fìgbà kan rí i bí ohun àjèjì.

Ìlú Jimma ní Etiópíà ni wọ́n ti bí i, lọ́dún 1943. Àwọn òbí ẹ̀ rán an lọ sí Wales kó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ilé-ìwé tó lọ ló ti wá hàn pé orin ló wà lára ẹ̀, bó ṣe forí lé Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Ẹ dúró díẹ̀ síbí. Trinity yìí kan náà ni Fela lọ, òun náà, ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ rán an kúrò nílé lọ́dún 1958, ó débẹ̀ tán ó yà sí orin. Ọmọ Abẹ́òkúta kan, ọmọ Jimma kan, ilé-ìwé kan náà, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn kọ́ ni wọ́n jọ fi sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì padà wá dá irú orin tuntun sílẹ̀ fún ìlú ẹ̀. Mi ò mọ bí èèyàn á ṣe gbọ́ èyí tí orí ẹ̀ ò ní wú. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni Mulatu ti kọjá sí Boston ní Amẹ́ríkà, sí ilé-ìwé orin Berklee, wọ́n ní òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti gbájú mọ́ vibraphone àti ìlù. Nígbà tó dé New York, òun àtàwọn ọmọ Puerto Rico jọ ń ṣeré, ní 1966 ó ti gbé àwo méjì jáde tó pè ní Afro-Latin Soul.

Ó yá, fusion. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń da èèyàn láàmú jù, torí kò sí orin tí kò lọ́rọ̀ àdàlù nínú, jùjú náà ní gìtá. Ká kọ́kọ́ mú jáàsì. Ẹ wo àwọn onílù dùndún lóde àríyá. Gúdúgúdú àtàwọn omele á di ìlù mú, wọn ò ní kúrò lójú kan, àmọ́ oníyàálù á fi wọ́n síbẹ̀, á lọ bá olówó tó ń jó, á máa fi ìlù kì í, á dá èyí tó wù ú, á kọ́wọ́ lé tibí á kọ́wọ́ lé tọ̀hún, tó bá yá á padà wá bá wọn gẹ́lẹ́ níbi tí wọ́n wà. Ọ̀nà tí jáàsì ń gbà nìyẹn, àwọn kan á di ìdí orin mú, ẹnì kan á jáde lọ sọ tẹnu ẹ̀. Nígbà tó di apá ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn olórin jáàsì ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ki iná bọ̀ ọ́, wọ́n gbé gìtá oníná wọlé, bééṣì oníná, kíbọ́ọ̀dù, wọ́n wá fi ìlù rock àti ìlù funk sídìí ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní jazz fusion nìyẹn. Bitches Brew tí Miles Davis gbé jáde ní 1970 lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, àmọ́ Gary Burton, tóun náà ń lu vibraphone, ti ṣe Duster ní 1967, gìtá rock sì ti wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Ti Mulatu wá yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà mú ìdí orin tuntun, wọ́n gbé jáàsì lé e lórí. Mulatu mú ohùn orin ilẹ̀ Etiópíà, ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ó wá wo èyí tó lè gbé lé e nínú jáàsì, nínú funk, nínú ìlù kóńgà àwọn Látíìnì, tí ìpìlẹ̀ ò fi ní mì. Ethio-jazz ló pè é.

Kí lohùn orin Etiópíà? Ẹni tó bá ti wà nínú kúáyà rí, ọ̀rọ̀ yìí á yé e kíákíá. Ẹ mú do re mi so la. Márùn-ún péré, kò sí fa, kò sí ti. Ọ̀pọ̀ orin wa náà lórí márùn-ún yìí ló jókòó sí, torí ẹ̀ ni kò fi ní ṣàjèjì létí yín. Àwọn ará Etiópíà ń pe ìtò yìí ní tizita, ó jẹ́ ọ̀kan lára mẹ́rin pàtàkì tí wọ́n ní. Ẹ wá mú mi, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, sí bọ́tìnnì dúdú tó wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀ tó bá jẹ́ pé látorí C lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ la náà kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀. Ohùn márùn-ún náà ni ṣá o, àmọ́ ẹkún ti wọ̀ ọ́. Tizita náà nìyẹn, apá kejì ẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lédè wọn ni ìrántí, irú ìrántí tí àwa ń pè ní àárò. Àwọn ìtò tó kù, bati, ambassel àti anchihoye, ní ibi tí wọ́n ti ń gún èèyàn lọ́kàn tiwọn, ẹ máa bá wọn pàdé.

Ìṣòro tó wà nínú ẹ̀ ni pé jáàsì ń lo ohùn méjìlá, ó fẹ́ràn kó máa to ohùn jọ mẹ́rin márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí èèyàn bá da gbogbo ìyẹn lé orí ohùn márùn-ún, ohùn márùn-ún á rì sínú ẹ̀, kò ní dún bí ti Etiópíà mọ́, kò sì ní dún bí jáàsì gidi. Ohun tí Mulatu mọ̀ ọ́n ṣe ni pé ó mọ ibi tó yẹ kó fi ṣófo. Ẹ gbọ́ bí vibraphone ẹ̀ ṣe máa ń sọ gbólóhùn kúkúrú, tí á dákẹ́, tí ohùn irin yẹn á máa fò lọ lókè bééṣì. Òun fúnra ẹ̀ máa ń sọ ọ́ kiri pé àwọn ìtò ohùn kan tí àwọn olórin jáàsì ń fi yangàn, àwọn Derashe ní gúúsù Etiópíà ti ń fọn ọ́ lórí fèrè ọparun wọn látayébáyé.

Orin méje ló wà lórí àwo náà, kò sì gùn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ Mulatu, gìtá tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣí ẹnu tó ń pa ẹnu dé ló wà níbẹ̀, wah-wah ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n ń lò nínú funk ìgbà yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Mascaram Setaba, Meskerem ni oṣù àkọ́kọ́ nínú kàlẹ́ńdà wọn, inú September tiwa ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Dewel túmọ̀ sí agogo, ẹ rántí rímù ọkọ̀ wa. Àmọ́ Kulunmanqueleshi ni mo máa ń dúró tì. Orin ìgbéyàwó àtijọ́ wọn ni, ohun tí wọ́n ń bi ìyàwó ni pé: ta ló lé tìróò fún ẹ? Mo gbọ́ ìtumọ̀ yìí lọ́jọ́ kan, mo tún orin náà gbé sí i, ó wá dà bíi pé mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, torí ẹkún ìyàwó àti tìróò, kí la fi yàtọ̀ síra? Ó mú orin tí àwọn ìyá ń kọ sí ọmọge létí, ó gbé e lọ sí sítúdíò New York, kò bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àtúntẹ̀ ló kù. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Worthy ló gbé àwo yìí jáde ní 1972, ti ọ̀gbẹ́ni Gil Snapper. Kò lágbára àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń tẹ àwo jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1974, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Haile Selassie, ọba Etiópíà, wọ́n fòfin kónílé-ó-gbélé lé ayé alẹ́ ní Addis Ababa, ayé orin bẹ́ẹ̀ sì tú ká. Àwọn tó ń kó àwo jọ ló wá ń wá ti 1972 kiri, owó gọbọi ni wọ́n ń dá lé e.

Nígbà tí wọ́n bá ń gbohùn sílẹ̀, orí téèpù ló ń lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ọbẹ̀. Gìtá wà lọ́tọ̀, ìlù wà lọ́tọ̀, vibraphone wà lọ́tọ̀, bí ata, àlùbọ́sà àti ẹran ṣe wà lórí tábìlì. Èyí tó máa pọ̀ àtèyí tó máa kéré, bí wọ́n ṣe dà wọ́n pọ̀ sínú ìkòkò, ìyẹn ni míìsì. Nígbà tó bá jinná, ẹnì kan á tọ́ ọ wò, á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, á rí i pé ó ṣeé gbé fún àlejò, ìyẹn ni master. Tí ẹ bá wá rí i tí wọ́n kọ remaster sára àwo, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọbẹ̀ àná ni, wọ́n tún un gbé kaná, wọ́n tún iyọ̀ ẹ̀ wò. Kò sí bí wọ́n ṣe máa yọ ata kúrò. Remix ló ń padà sídìí ata àti àlùbọ́sà tútù. Àtúntẹ̀ lásán kàn jẹ́ pé wọ́n tún bu ọbẹ̀ kan náà sínú abọ́ tuntun. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ń dà pọ̀, àwọn tó ń tajà náà kì í tò ó fún wa.

Ohun tó sì ṣe kókó jù ni ibi tí wọ́n ti mú orin náà. Tí wọ́n bá rí téèpù, tí wọ́n sì gba àṣẹ, ohun tí ẹ máa gbọ́ á sún mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú sítúdíò. Tí wọn ò bá rí téèpù, wọ́n á gbé àwo àtijọ́ kan sórí ẹ̀rọ, wọ́n á gba ohùn láti ara abẹ́rẹ́, gbogbo ìbó tó wà lára àwo yẹn á bá a lọ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọn ò gbàṣẹ rárá, olórin ò sì ní rí kọ́bọ̀. Nítorí náà nígbà tí àbúrò mi bi mí pé ṣé wọn ò kàn gba owó wa lẹ́ẹ̀kejì ni, mo ní kó kọ́kọ́ wò ó bóyá tẹni tó gbàṣẹ ni, torí tí olórin bá ṣì wà láyé tó ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ti ọdún 1972, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

Nínú èyí tí Strut ṣe ní 2017, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí àwo mẹ́ta: sítẹ́ríò, mónò, àti àwọn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò tí wọn ò lò nígbà yẹn. Mónò ni pé gbogbo ohùn jáde lójú kan, bíi rẹ́díò ẹlẹ́nu kan tí àwọn bàbá wa máa ń gbé sétí. Sítẹ́ríò pín in sí ọ̀tún àti òsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé mónò ni sítẹ́ríò tó bàjẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ó lè jẹ́ ìkòkò ọ̀tọ̀ tí wọ́n dìídì sè bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi íápíìsì gbọ́ sítẹ́ríò, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí oníkálukú jókòó sí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé mónò sórí sípíkà kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ké sókè. Lójú tèmi mónò ló lágbára jù, bééṣì àti ìlù á dìmọ́ra, funk inú ẹ̀ á gbá yín láyà. Àwọn gbígbà tí wọn ò lò náà, ẹ má fò wọ́n, níbẹ̀ lẹ ti máa rí i pé orin tó dà bíi pé ó já bọ́ látọ̀run, àtúnṣe ló tún un ṣe.

Ohun kan tún wà tó máa ń dàrú. Àwọn kan gbọ́ As We Enter tí Nas àti Damian Marley kọ ní 2010, wọ́n gbọ́ pé orin Mulatu ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n wá ra àwo yìí, wọn ò rí i níbẹ̀. Yegelle Tezeta ni orin yẹn, òun àti Yekermo Sew wà lórí àwo ìkẹrin nínú ọ̀wọ́ àkójọ orin Etiópíà tí wọ́n ń pè ní Éthiopiques, tó jáde ní 1998, tí orin inú ẹ̀ sì wọ fíìmù Broken Flowers ní 2005. Àkójọ nìyẹn, wọ́n ṣà á látinú oríṣiríṣi àwo. Àtúntẹ̀ ni tiwa yìí, odidi àwo kan bí olórin ṣe tò ó. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń wá vibraphone pẹ̀lú Fela, Music of Many Colours ni kó wá, Roy Ayers, tóun náà ń lu vibraphone, ló bá a ṣe é, 1980 ló jáde, apá kan jẹ́ ti Roy, apá kejì jẹ́ ti Fela.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọdún gidi, ẹ yí ẹ̀yìn páálí àwo, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ P sí nínú òbíríkítí. Ọdún tó tẹ̀ lé e jẹ mọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé C nínú òbíríkítí sì sábà máa ń jẹ́ ti páálí àti àwòrán ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣe remaster, wọ́n lè kọ ọdún tuntun sídìí P náà, torí ẹ̀ ẹ ka ìwé pélébé tó máa ń wà nínú ẹ̀ dópin.

Àná ni àbúrò mi fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wà nídìí ẹ̀, mo ń gbọ́ fáànù tó ń yí lẹ́yìn. Ó tẹ do re mi so la. Ó dúró díẹ̀, ó sọ mi kalẹ̀, ó sọ la kalẹ̀, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, òun rèé o."